Àkòrí Tí Wọ́n Ní Kí Ó Yí Padà

Inú ń bí Tíṣà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pàdé Máníjà, bẹ́ẹ̀ Máníjà kọ́ ló kọ́kọ́ bí i nínú. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní yunifásítì ló ti ba ọjọ́ náà jẹ́ láti àárọ̀. Bíírò Pupa ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pe obìnrin yìí bí kò bá sí nítòsí. Orí ìdúró ló ti ka ohun tí Tíṣà kọ, kò tilẹ̀ fìdí kan àga, ó sì fa ìlà pupa gbọọrọ la àárín àkòrí tí ọmọ ọlọ́mọ ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ronú lé lórí.

"'Ìlera àwọn òṣìṣẹ́ láwùjọ wa,'" ó kà á síta. "Òṣìṣẹ́ wo? Ìlera wo? Ṣé gbogbo ayé lo fẹ́ rọ́ sínú ìwé kan ni?"

"Mà, ẹ ní èyí tí mo mú wá tẹ́lẹ̀ kéré jù."

"Ó kéré jù lóòótọ́. Eléyìí wá fẹ̀ kọjá ohun tí ọwọ́ rẹ lè ká. Wá nǹkan tó ṣeé dì mú. Ibi tí o lè fẹsẹ̀ rìn dé, tí wàá rí èèyàn bi ní ìbéèrè, tí ẹlòmíràn kò tíì tú tán. Kí o sì rí i pé ó ń ká ọ lára, torí ìwọ àti ẹ̀ ni ẹ óò jọ máa sùn, tí ẹ óò jọ máa jí. Bó bá ti sú ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, má wulẹ̀ fẹ́ ẹ."

Tíṣà ò rí ohun ẹ̀rín kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kó lè wá kàwé sí i nípa ìlera. Orúkọ Tíṣà nìkan ló mú jáde níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wọlé ti ń kọ orí kejì. Òun ṣì ń gbé àkòrí kiri bí ẹni tó ń gbé àga wá ibi tí yóò jókòó sí.

Ilé ìtẹ̀wé kan wà ní òpópónà ẹ̀yìn yunifásítì, ilé alájà tí wọ́n kùn ní àwọ̀ eérú, tí ilẹ̀ àbáwọlé rẹ̀ máa ń gbọ̀n rìrì bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló yà sí kó lè tún ìwé rẹ̀ tẹ̀. Ọkùnrin kan dúró nídìí tábìlì, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ka bébà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Tíṣà wí.

Ọkùnrin náà ò dáhùn. Ó tún kí i, ó gbé ohùn sókè díẹ̀. Bébà ni ọkùnrin ń kà. Ara Tíṣà tó ti gbóná láti àárọ̀ wá hó tán pátápátá. Ó na ọwọ́, ó fi gbá tábìlì.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, bí ẹ ò bá fẹ́ tajà fún mi, ẹ sọ ọ́ síta. Èmi náà ní ibi tí mò ń lọ."

Ọkùnrin náà yíjú, ó wò ó, ojú rẹ̀ ò le rárá. "Ẹ má bínú. Etí òsì mi yìí ò gbọ́ nǹkan mọ́. Apá ọ̀tún ni kí ẹ máa gbà bá mi sọ̀rọ̀."

Ìtìjú mú Tíṣà, ṣùgbọ́n ìbínú tó wà nílẹ̀ kò ráyè lọ. "Kí ló ṣe é?"

"Ẹ̀rọ ni." Ó fi ìka tọ́ka sẹ́yìn, síbi tí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ti ń lù pàkà-pàkà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wó ògiri. "Béèyàn bá pẹ́ nídìí wọn, etí á kàn lọ ni. Gbogbo wa níbí la rí bẹ́ẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ló ká Tíṣà lára. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

"Gbogbo yín?"

"Ẹ dúró sẹ́yìn wọn, kí ẹ pè wọ́n."

Tíṣà wọlé. Ó dúró sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó pè wọ́n. Kò sẹ́ni tó yíjú. Ó pè wọ́n tagbára-tagbára, ẹnì kan ṣoṣo ló fi ọwọ́ nu ọrùn bí ẹni tí eṣinṣin bà lé.

Nígbà tó jáde, ó béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà pé, "Ta lẹ ti bínú sí lórí ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ta ni n ó bínú sí? Bàbá mi ló ni ilé iṣẹ́."

Ibẹ̀ ni Tíṣà ti rí àkòrí rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti rí ọkọ, àmọ́ ìyẹn kò tètè yé e.

*

Máníjà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, ẹ̀fẹ̀ sì wà nínú orúkọ náà, torí kò lè ra ínkì tuntun láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ mi orí sí i. Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n ń pe bàbá. Bàbá yìí ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí kò tíì ní ju ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe èèyàn lódìkejì odò, gbogbo ẹni tó bá bá a jẹun ló máa ń rò pé ó ń bínú.

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́. Nígbà mìíràn ìwádìí ló bá lọ, nígbà mìíràn kò mọ ohun tó bá lọ. Yàrá tí wọ́n ń kó bébà sí ni òun àti Máníjà ti máa ń jókòó, torí bébà tí wọ́n tò dé àjà máa ń dín ariwo kù. Wọ́n á fi tíì gbóná jẹ búrẹ́dì, òórùn gọ́ọ̀mù àti ínkì á máa fẹ́ yí wọn ká. Tíṣà mọ̀ pé apá ọ̀tún lòun yóò jókòó sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún sọ fún òun.

"Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ bú mi," ni Máníjà sọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "apá òsì ni kó o gbà. Màá kàn máa rẹ́rìn-ín sí ọ."

"Bí mo bá fẹ́ bú ọ, mo fẹ́ kó o gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin onísùúrù ni. Ó máa ń tẹ́tí sí i bí ẹni ń kàwé, ó máa ń wo ètè rẹ̀, Tíṣà kò sì rí ọkùnrin tó wo ẹnu òun tìfarabalẹ̀-tìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí kó tó fèsì. Lọ́jọ́ tó sọ fún un pé òun fẹ́ fi í ṣe aya, ó ní kó má dáhùn kíákíá, kó rò ó dáadáa. Tíṣà ní òun ti rò ó kó tó béèrè.

Bíírò Pupa fọwọ́ sí àkòrí náà láìfa ìlà kankan sí i. Ọ̀gá Àgbà náà fọwọ́ sí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹ jẹ́ kó wá kọ nípa wa," ó kígbe. "Ìyàwó wa ni." Àwọn òbí méjèèjì ti jókòó pọ̀, wọ́n ti mu nǹkan tútù, wọ́n ti ń fojú wá ọjọ́ ìgbéyàwó. Àbúrò bàbá Tíṣà, aránṣọ tí gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí, ló ṣe alárinà. Òrùka ti wà lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni Tíṣà àti nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn etí gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò wá. Wọ́n mú àwọn òṣìṣẹ́ wọ yàrá bébà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Etí wọn ti bàjẹ́ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ lọ. Àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ìgéwèé gbọ́ èsì tiẹ̀, ó bọ́ fìlà.

"Ìyàwó mi," ó sọ nígbà tó yá. "Mo rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ máa ń fi ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sọ̀rọ̀ kó lè máa rí mi bú. Ọjọ́ pẹ́ tá a ti ń jà lórí ẹ̀. A ò sùn nínú yàrá kan náà mọ́. Ṣé èmi ni mi ò gbọ́?"

Tíṣà jáde síbi tábìlì ẹnu ọ̀nà, ó sunkún, inú sì ń bí i bó ṣe ń sunkún.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ lọ bá Ọ̀gá Àgbà pé àwọn fẹ́ ohun ìbotí tí ariwo ò fi ní máa wọlé sí àwọn létí, àwọn sì fẹ́ kí wọ́n máa pín iṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ ṣe kó má máa jẹ́ ẹnì kan náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá bàbá náà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀.

*

Wọ́n ránṣẹ́ pe Tíṣà sílé àwọn òbí Máníjà ní ọjọ́ ìsinmi. Ó rò pé ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n fẹ́ mú. Ó ra ẹ̀wù tuntun wọ̀ lọ.

Ìyá Máníjà kò dá ìkíni rẹ̀ lóhùn dáadáa. Ó jẹ́ kó kúnlẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ kó tó ní kó dìde.

"Ọmọ mi," ni ìyá náà wí, "ọkọ lò ń fẹ́ ni, àbí iṣẹ́ ọlọ́pàá lo wá ṣe nílé wa?"

"Mà?"

"A mú ọ wọlé bí ọmọ, o wá ń kọ ẹ̀sùn wa sílẹ̀. Irú ìyàwó wo ló máa ń kọ ìwé nípa ilé ọkọ rẹ̀ fún gbogbo ayé kà?"

"Mà, mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Bàbá ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ etí ni mo fẹ́…"

"Èmi ò mọ nǹkan kan." Ọ̀gá Àgbà ló ké mọ́ ọn. Gbogbo ilé ló gbọ́. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn èèyàn mi ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ kó o tó dé. Wọn ò ráhùn. Ní báyìí, gbogbo wọn ló ń fọwọ́ kan etí. Yí àkòrí yẹn padà. Kọ nípa ohun mìíràn, a ó mú ọjọ́ ìgbéyàwó lónìí. Bó ò bá sì yí i padà, má tún fẹsẹ̀ kan ibí."

Tíṣà wo Máníjà. Ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí bàbá sọ?" ni Tíṣà bi í.

"Mo gbọ́."

Tíṣà dúró dè é kó fi nǹkan kan kún un. Kò fi nǹkan kan kún un.

Máníjà sin ín jáde dé títì. Wọ́n jọ rìn díẹ̀.

"Àkòrí lásán ni," ni Máníjà wí níkẹyìn. "Wo gbogbo ohun tó wà láyé téèyàn lè kọ ìwé lé lórí. Ilé ìwòsàn wà, ilé ẹ̀kọ́ wà. Ìwé á parí, wàá gboyè, a ó ṣègbéyàwó. Ta ló máa béèrè àkòrí lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn ìyẹn?"

"Etí tìẹ ńkọ́?"

"Etí mi ni. Kì í ṣe tìẹ."

Tíṣà dúró lójú kan. "Ṣé o mọ bí mo ṣe wá àkòrí yìí tó? Ṣé o mọ bí ojú ṣe ń tì mí níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi? Mo rí i lára rẹ, Máníjà. Lára rẹ ni mo ti rí i. Ìwọ lo ní kí n pè wọ́n láti ẹ̀yìn."

"Mi ò mọ̀ pé wàá pè wọ́n dé ibi tó o pè wọ́n dé yìí."

Tíṣà yọwọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá rìn lọ sílé nínú ẹ̀wù tuntun.

Kò rí ìtura nílé náà. Bàbá rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, tẹ̀ síwájú lórí àga nígbà tó gbọ́. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wá ọkọ, ìwọ ń wá àkòrí. Ọkọ wá dé, o fẹ́ fi àkòrí lé e lọ. Ọmọ yìí, ta lo jọ?"

"Ẹ̀yin ni mo jọ, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé fẹ̀sùn kan ọ̀gá yín nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí ohun tí kò tọ́."

"Mi ò ní àfẹ́sọ́nà nígbà yẹn," ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì padà sídìí rédíò rẹ̀.

Tíṣà fọ aṣọ lọ́jọ́ kejì, kò sí aṣọ tó dọ̀tí níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń fún un ló ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá agídí lásán ni. Ṣé ọ̀rọ̀ etí náà ló ká òun lára, àbí torí pé etí ọkùnrin yìí ni? Bí ó bá jẹ́ pé òun fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ṣé kò yẹ kí òun lè gbé ìwé kan tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ìbínú náà ṣeé gbé mì. Ká ní kò fẹ́ràn rẹ̀ ni, ì bá ti gbàgbé.

Ó pinnu pé òun yóò lọ bá Máníjà lópin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n jọ wá bí wọ́n ṣe lè pẹ̀tù sí bàbá rẹ̀ lọ́kàn. Ó tilẹ̀ ti ro ohun tí yóò sọ.

*

Bíírò Pupa ló pè é kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ohùn rẹ̀ rọ̀, Tíṣà kò sì gbọ́ ohùn rírọ̀ lẹ́nu obìnrin yẹn rí.

"Jókòó. Àfẹ́sọ́nà rẹ wá síbí. Ó ní o ti gbà láti yí àkòrí padà, pé ojú ló ń tì ọ́ láti wá sọ fún mi fúnra rẹ. Ó ní ilé iṣẹ́ wọn ò fún wa láyè mọ́. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́ fún ọ, iṣẹ́ yẹn dára. Àmọ́ bó bá jẹ́ ohun tó o fẹ́ nìyẹn, mo ti ronú kan nǹkan mélòó kan tó o lè…"

"Ta ló ní mo gbà?"

Bíírò Pupa gbójú sókè.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ó ní mo gbà?"

"Ó ní ẹ ti jọ sọ ọ́."

Tíṣà dìde. Etí rẹ̀ ń dún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní òun ò gbà, òun ò sì ní gbà, òun yóò padà wá sọ bí iṣẹ́ náà yóò ṣe máa lọ. Kò mọ ọ̀nà tó gbà dé ilé ìtẹ̀wé.

Gbogbo ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́. Máníjà rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà kú.

"O lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá mi."

"Wọ inú yàrá bébà kí n ṣàlàyé."

"Mi ò wọ yàrá kankan. O sọ fún wọn pé mo gbà. Ìgbà wo ni mo gbà? Ibo la ti sọ ọ́?"

"Mo mọ̀ pé bó o bá rò ó dáadáa, wàá gbà. Mo fẹ́ gba ìtìjú náà sọ́rùn fún ọ. Torí kí n má bàa pàdánù rẹ ni mo ṣe ṣe é."

"Ká ní o dúró níwájú mi, kó o ní o ò fẹ́, à bá jà, à bá parí ẹ̀. Bàbá rẹ dúró níwájú mi, ó lé mi. Mo lè bá èèyàn bẹ́ẹ̀ jà. Ìwọ lo dákẹ́ lójú mi, o wá lọ yá ẹnu mi lò lẹ́yìn mi." Ó ń kígbe, torí ibẹ̀ ò ṣeé sọ̀rọ̀ bí kò ṣe igbe. "Ìwọ tí mo máa ń dúró dè kó o gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dé parí kí n tó sọ òmíràn."

Ó bọ́ òrùka, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Máníjà, ó ká ìka rẹ̀ dé e. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wò wọ́n. Bóyá wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò yé.

*

Àǹtí ni àwọn ẹbí Máníjà rán wá bẹ̀ ẹ́. Ó pè é wá sí ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, torí ó mọ̀ pé bí òun bá lọ sílé, Tíṣà yóò sá wọ yàrá. Ó ní kó wá bá òun di etí aṣọ mú. Àǹtí ń tẹ máṣíìnì, ó ń sọ̀rọ̀.

"Ọmọ yẹn ti gbẹ. Wọ́n ní kì í jẹun."

"Kó mu omi."

"Màmá rẹ̀ pàápàá ti rọ̀. Wọ́n ní ká jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ọkùnrin tó bẹ̀rù bàbá rẹ̀ ò ṣọ̀wọ́n, ọmọ mi. Òmíràn tí wàá fẹ́ náà lè bẹ̀rù tiẹ̀."

"Àǹtí, ẹ̀rù tó ń bà á kọ́ ni mo ń bínú sí. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ó fi ẹnu mi sọ ohun tí mi ò sọ. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan torí ìfẹ́, kí ló kù tí kò ní lè fi ẹnu mi sọ lẹ́yìn tí mo bá di ìyàwó rẹ̀?"

Máṣíìnì dúró. Àǹtí yọ abẹ́rẹ́, ó wò ó, ó tún fi í bọ ojú ibi tó ti yọ ọ́.

"Ọkọ mi ṣe irú ẹ̀ sí mi rí," ó wí. "Ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá ni mo wà nígbà yẹn, wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ọ̀gá lórí àwọn tó ń gé aṣọ. Ó lọ bá ọ̀gá mi, ó ní mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ ni mo bá ẹlòmíràn nídìí tábìlì mi. Gbogbo èèyàn ní ìfẹ́ ni, ó fẹ́ kí n sinmi. Mo ní kò burú. Ó ti kú báyìí, kó sinmi ire. Àmọ́ bí mo bá rántí, inú ṣì ń bí mi, kò wá sẹ́ni tí mo lè bá jà mọ́."

Àǹtí tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ máṣíìnì.

"Nígbà náà, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Di etí aṣọ yẹn mú dáadáa, o ti ń fà á wọ́." Àǹtí fi àárẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Wọ́n rán mi pé kí n bẹ̀ ọ́. Mo ti bẹ̀ ọ́. Màá lọ sọ fún wọn pé kó lọ gba ọ̀rọ̀ tó sọ padà níbi tó ti sọ ọ́. Bí kò bá lè ṣe ìyẹn, kó máa gbẹ lọ."

*

Tíṣà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó fẹsẹ̀ rin gbogbo òpópónà tó wà lágbègbè náà, ó ń wọ ilé ìtẹ̀wé kéékèèké, ó ń bẹ àwọn onílé iṣẹ́. Àwọn kan lé e, àwọn kan gbà. Bíírò Pupa tún àkòrí náà ṣe díẹ̀, kó má bàa jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó sì ní ó tilẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbínú ló ń jí Tíṣà láàárọ̀, òun náà ló ń gbé e rìn. Kò mọ̀ pé èèyàn lè fi ìbínú ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, gbọ̀ngàn náà kún. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Máníjà ni. Ẹ̀wù iṣẹ́ ló wọ̀, ínkì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kọjú sí Bíírò Pupa. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ níṣojú àwọn tó wà níbí. Mo wá sí ọ́fíìsì yín nígbà kan, mo ní akẹ́kọ̀ọ́ yín gbà láti yí àkòrí rẹ̀ padà. Irọ́ ni. Kò gbà. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wá. Èmi ni mo fẹ́ kó yí i padà, torí mi ò lè dúró níwájú bàbá mi. Mo ti wá dúró níwájú rẹ̀ báyìí. Mo sọ fún un láàárọ̀ yìí pé ibí ni mò ń bọ̀."

"Kí ló wí?" ni Bíírò Pupa béèrè.

"Ó ní kí n má padà."

Ẹnì kan wú ikọ́ lẹ́yìn. Gbogbo ojú wá yí sí Tíṣà. Apá kan nínú rẹ̀ fẹ́ sáré lọ dì mọ́ ọn, apá kejì sì ṣì dúró nínú ilé iṣẹ́ yẹn, ó ń kígbe.

"Mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun," ó wí, ó fi "ẹ" kí i bí àlejò. "Mo fẹ́ máa bá iṣẹ́ mi lọ."

Máníjà mi orí. Tíṣà rí ojú rẹ̀ nígbà tí "ẹ" yẹn bà á. Máníjà kò bẹ̀bẹ̀. Ó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, ó gbọ́ gbogbo àlàyé náà, ó sì lọ kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́ tán.

Ó rí iṣẹ́ sí ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé ẹ̀kọ́ kan. Kò rán ẹnikẹ́ni sí Tíṣà mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, ó máa ń dúró, ó máa ń béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ó sì máa ń gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dé òpin. Ó pẹ́ kí Tíṣà tó tún pè é ní "ìwọ".

*

Nígbà tí ìwé náà parí, tó sì gboyè, Tíṣà padà sí ilé ìtẹ̀wé àwọ̀ eérú yẹn. Ó ti ṣèlérí fún àwọn òṣìṣẹ́ pé òun yóò wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n lè ṣe kí etí tó kù má bàa lọ. Ọ̀gá Àgbà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì dí i.

"Mo ní kó o má fẹsẹ̀ kan ibí mọ́."

"Ilé yín lẹ ní kí n má fẹsẹ̀ kàn, sà. Àwọn òṣìṣẹ́ ni mo wá bá."

"Kí lo wí?"

Ó tún un sọ. Ẹ̀rọ ń lù pàkà-pàkà.

"Mo ní kí lo wí?"

Ó kígbe rẹ̀. Bàbá fa ojú ro, ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ sẹ́yìn etí láìmọ̀. Tíṣà rí ọwọ́ yẹn. Ó ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí yóò fi gún bàbá yìí sórí láti ìgbà pípẹ́, ó wá rí i pé bóun bá sọ ọ́, kò ní gbọ́. Ìyẹn tún wá bí i nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Àgbà yíjú, ó lọ sídìí ògiri, ó sì pa iná gbogbo ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ gbójú sókè, wọ́n rò pé nǹkan ti bàjẹ́.

"Sọ ọ́ báyìí," ni bàbá wí.

"Ẹ lé mi," ni Tíṣà wí. "Ẹ lé ọmọ yín. Etí yín ti lọ, sà, ó lè jẹ́ pé tiyín ló burú jù nínú ilé yìí, ẹ wá ń bá èmi tí mo sọ ọ́ jà. Mi ò wá bẹ̀ yín. Mo wá ṣe ohun tí mo ní màá ṣe."

Bàbá wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Kò tọrọ àforíjì. Kì í ṣe irú rẹ̀.

"Jókòó," ó wí níkẹyìn, ó fa àga síwájú rẹ̀. "Ṣàlàyé fún wọn. Bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ mi."

Wọ́n ra ohun ìbotí ní oṣù yẹn. Ọ̀gá Àgbà ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Máníjà ní òun fẹ́ràn ibi tí òun wà. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ràn Tíṣà títí dòní, wọ́n kàn ń kí ara wọn tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀ ni.

Máníjà tún béèrè lọ́wọ́ Tíṣà, ó tún ní kó rò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, Tíṣà rò ó lóòótọ́, ó rò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó sọ fún un pé ìbínú òun kò tíì tán, pé nígbà mìíràn ó máa ń dé lójijì bí òun bá ń jẹun tàbí bí òun bá ń fọ eyín. Máníjà ní òun mọ̀, kó máa sọ fún òun bó bá ti dé.

Wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti so wọ́n pọ̀. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ń kánjú, ìlà àwọn tó kù ti gùn dé àtẹ̀gùn. Ó bi Máníjà bóyá ó gbà, Máníjà ní òun gbà. Láìgbé ojú sókè, ó tún bi Máníjà pé, "Ìyàwó náà gbà, àbí?"

Bàbá Tíṣà wo Máníjà. Àǹtí wò ó. Ọ̀gá Àgbà náà wà níbẹ̀, ó na ọrùn kó lè gbọ́.

Máníjà pa ẹnu dé. Ó yíjú sí Tíṣà.

Akọ̀wé gbójú sókè. Tíṣà jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀, gbogbo wọn, àní ọkùnrin tó fẹ́ràn yìí pàápàá. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó la ẹnu, ó ní òun gbà.